Bí Mọ́tò Ọkọ Mi Ṣe Lọ Dákẹ́ ní Àpápá

Títì la ti mọ́tò jáde ní ìdájí Sátidé yẹn. Ẹ wo èmi olùkọ́, gèlè lórí, tí mo fi èjìká ti ọkọ̀ eré-sísá ará Jámánì láti ẹnu ọ̀nà ilé títí dé oríta, tí ọkọ mi wà nídìí ìdarí, tó ń kìlọ̀ pé kí n má fi òrùka ha ọ̀dà rẹ̀. Mo ní, "Olówó orí mi, bí mo bá kú sẹ́yìn ọkọ̀ yìí, ṣé òun lẹ ó fi ṣaya?"

Ariwo ló fà á. Bí ọkọ mi bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná tí a fi ń sáré báyìí, sàlẹ́ńsà á dún gbàmù! bí ìbọn. Ó dún bẹ́ẹ̀ nínú ọgbà lọ́jọ́ kan, Màmá ọkọ mi ṣubú lórí àga, ó di ilé ìwòsàn. Dókítà ní àyà wọn kò gba ìpayà mọ́. Láti ìgbà náà, oríta la ti ń pa ẹ́ńjìnnì, tí a ó tì í wọlé. Àwọn mẹkáníìkì Ìjẹ̀bú-Òde pààrọ̀ sàlẹ́ńsà títí ó fi sú wọn. Mo wá sọ fún ọkọ mi pé bí ti ẹnjiníà tí a ń lọ bá ní Àpápá yìí ò bá yọrí, kó ta á. Ó dùn ún, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìyá kan ṣoṣo ló ní.

Ilẹ̀ mọ́ bá wa ní ìyànà Odògbolú. Ní Ṣágámù mo ra búrẹ́dì àti ẹyin sísè. Náírà kan ni láyé ìgbà yẹn, kò sì kún ikùn. A ò tíì jẹ ẹ́ tán tí ọlọ́pàá fi na ọwọ́ sí wa. Ọkọ mi gbé ẹsẹ̀, gbàmù! Ọlọ́pàá ti wà nínú gọ́tà kí n tó ké "Jésù!"

"Ta ló yìnbọn?" Ẹrẹ̀ ti kún fìlà rẹ̀.

"Ẹ má bínú sà, mọ́tò ni," ni ọkọ mi dáhùn.

"Irú mọ́tò wo nìyẹn? Ẹ fẹ́ pa mí láàárọ̀ kùtù?" Ó tú búùtù mọ́tò wa yẹ́bẹyẹ̀bẹ kó tó jẹ́ ká lọ.

Ẹnjiníà tí a lọ bá ní Àpápá ti pẹ́ ní Jámánì, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Kò tilẹ̀ wo sàlẹ́ńsà. Abẹ́ ìjókòó ló ti fa àpótí kan yọ, pẹlẹbẹ bí ìwé orin, ó ní kọ̀ǹpútà ọkọ̀ nìyẹn.

Mo ní, "Kọ̀ǹpútà nínú mọ́tò? Kí ló fẹ́ ṣírò níbẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó fi nǹkan dúdú kékeré kan hàn mí nínú rẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ bí ọ̀kùn. Ṣíìpù ni wọ́n ń pè é. "Màdáámù, àṣẹ ló wà nínú èyí. Òun ló ń sọ iye epo tí ẹ́ńjìnnì máa mu. Ẹni tó kọ́kọ́ ni ọkọ̀ yìí yọ ti àtilẹ̀wá, ó fi èyí sí i kó lè máa gbó bí ajá. Tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀, epo ṣì ń lọ, inú sàlẹ́ńsà ló ti ń gbiná. Sàlẹ́ńsà ò jẹ̀bi."

Ó yọ ọ́, ó fi òmíràn tí àṣẹ àtilẹ̀wá wà nínú rẹ̀ síbẹ̀. A gbé ọkọ̀ sáré. Ọkọ mi gbé ẹsẹ̀: kẹ́kẹ́ pa. Ó tún gbé e: kò sí nǹkan kan. Mo pariwo "Halelúyà!" Ọkọ mi, tí ariwo yẹn ti ń dùn mọ́, ṣe ojú bí ọmọ tí wọ́n fá lórí, àfi ìgbà tí òun náà bú sẹ́rìn-ín. Mo sùn lójú ọ̀nà àbọ̀, oorun àkọ́kọ́ tí mo sùn nínú ọkọ̀ yẹn. Ní Ṣágámù, ọlọ́pàá àárọ̀ rí wa lókèèrè, ó ti ń wo gọ́tà. A kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, ló bá juwọ́ sí wa.

A wa ọkọ̀ wọlé tààrà. Màmá jókòó ní ilé ìdáná, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa. Ewùrà rírin wà nínú abọ́ ní tútù, iná sì ti ń kú lọ lábẹ́ ọbẹ̀. Mo rọra ní, "Màmá, a ti dé o."

Wọ́n yíjú padà. Omi wà lójú wọn. "Ẹ ti dé? Ta ló bá yín tì í?"

"A ò tì í, Màmá. Ó ti dákẹ́."

Wọ́n jáde, wọ́n wo mọ́tò, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n padà fìdí kalẹ̀ ní ilé ìdáná. "Láti ọ̀sán ni mo ti dẹtí sí oríta. Tí mo bá gbọ́ gbàmù yẹn lókèèrè, mo mọ̀ pé ọmọ mi ti bọ́ lọ́wọ́ títì Èkó, mà á wá da ìkọ́kọrẹ́ mi sórí iná. Ilẹ̀ ń ṣú lọ, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ti rò ó tán pé..."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Èmi tí mo ti rò pé ìdákẹ́jẹ́ nìkan ni àyà wọn ń fẹ́! Mo rìn dé Àpápá kí n tó mọ̀ pé ẹni tó ń retí ọmọ gbọ́dọ̀ rí nǹkan gbọ́.

Ọkọ mi tún mú kọ́kọ́rọ́. Ó wọnú ọkọ̀, ó fi ẹ̀yìn rìn jáde lọ sí oríta. Kò pẹ́ tí a gbọ́ fèrè ọkọ̀, jẹ́ẹ́jẹ́: pín-ìn, pín-ìn.

Màmá koná mọ́ ìkòkò. "Wọ́n ti dé o," ni wọ́n wí, bí ẹni pé èmi kọ́ ni mo dúró níwájú wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í da ewùrà sínú ọbẹ̀.