Bí Màmá Ṣe Rí Táyọ̀ ní Lisbon

Aago mẹ́rin ìdájí ni mo lọ jí Màmá nínú yàrá tí wọ́n ń sùn nílé mi ní Stone Mountain, lẹ́bàá Atlanta ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ti wọṣọ tán, wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, báàgì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Lisbon là ń lọ, olú ìlú àwọn Potogí, níbi tí wọ́n sin Táyọ̀ àbúrò mi sí lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Àìsàn ọjọ́ mẹ́ta ló mú un lọ. Nígbà náà, ìwé tèmi ní Amẹ́ríkà ò tíì jáde, Màmá ò sì rí físà gbà. Gbadé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sin ín.

Gbogbo ẹbí wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ta ko ìrìn àjò yìí. Lọ́dọ̀ wa, òbí kì í fojú kan sàréè ọmọ rẹ̀. Wọn kì í tilẹ̀ júwe ọ̀nà ibẹ̀ fún un. Èmi náà bẹ Màmá títí. Wọ́n ní, “Fúnmi, bí mo bá kú láìmọ ibi tí ọmọ mi sùn sí, ta ni màá tún bi?”

A sọ̀ ní New York, a dúró títí di ìrọ̀lẹ́, a wọ ọkọ̀ òfuurufú mìíràn, ilẹ̀ sì ti mọ́ kí a tó dé Lisbon. Ẹnu yà mí sí ìlú náà. Ní Atlanta, mọ́tò ni mo fi ń lọ ra búrẹ́dì. Níbí, àgbà obìnrin ń fẹsẹ̀ gun òkè tó ga bí àkàbà. Òkúta wẹẹrẹ funfun ni wọ́n tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ń yọ̀ bí ilá. Wọ́n sá aṣọ sójú wíndò lókè orí wa, títí kan pátá. Ní àdúgbò tèmi, lẹ́tà ìkìlọ̀ látọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn onílé á ti dé kí aṣọ náà tó gbẹ. Gbadé, tó wá pàdé wa ní pápákọ̀ òfuurufú, ra kọfí fún wa, ife kan ò ju ẹnu mẹ́ta lọ, yúrò kan. Àkàrà òyìnbó ẹlẹ́yin jẹ́ yúrò kan àtààbọ̀. Màmá ò fẹnu kàn án.

“Ẹ jẹ́ ká sinmi lónìí ná, Màmá,” Gbadé wí. Kò wojú wa.

“Mú mi lọ bá ọmọ mi,” ni Màmá dá a lóhùn.

Nígbà tí a wọ itẹ́ òkú, mo rò pé àdúgbò kan ni a ṣì wọ̀. Ilé kéékèèké tò lọ bẹẹrẹ, wọ́n ní ilẹ̀kùn onídígí àti kọ́tìnnì léèsì. Mo yọjú wo ọ̀kan. Pósí ni mo rí lórí pẹpẹ, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, láìsí yẹ̀pẹ̀ lórí wọn. Mo fò sẹ́yìn. Gbadé ní jazigo ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ilé òkú ti ìdílé.

Ó mú wa dé ibi tí sàréè ilẹ̀ wà, ó sì dúró. Màmá bi í pé, “Èwo ni?” Ó nawọ́ sí ọ̀kan. Orúkọ obìnrin òyìnbó ló wà lára òkúta rẹ̀.

Gbadé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Màmá, ẹ dárí jì mí. Ibí ni mo sin ín sí. Ṣùgbọ́n fún ìgbà díẹ̀ ni wọ́n ń fúnni nílẹ̀. Bí ọdún mélòó kan bá pé, wọ́n á hú òkú, wọ́n á wẹ eegun rẹ̀, wọ́n á kó o sínú àpótí kékeré. Bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àwọn èèyàn tiwọn náà nìyẹn. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù.”

“Ẹ hú ọmọ èèyàn!” Mo pariwo débi pé àwọn tó ń bomi sí òdòdó yíjú wò wá. Mo di Màmá mú, mo rò pé wọ́n á ṣubú. Wọn ò ṣubú. Wọ́n rọra béèrè pé, “Ta ló wẹ̀ ẹ́?”

“Dona Amélia ni.” Dona ni wọ́n ń fi ṣáájú orúkọ àgbà obìnrin níbẹ̀. Ilé ìyá yìí ni Táyọ̀ háyà yàrá sí. Gbadé mú wa lọ síbi tó ti ń dúró dè wá níwájú jazigo ìdílé rẹ̀, obìnrin kúkúrú, aṣọ dúdú lọ́rùn. Ó ṣí ilẹ̀kùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí ọkọ rẹ̀ ni àpótí kékeré kan wà, wọ́n kọ “Táyọ̀” sí i lára. Gbadé ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀: “Ó ní òun ò gbà kí àjèjì wẹ̀ ẹ́. Ó ní nígbà tí orúnkún ń dun òun, Táyọ̀ ló ń pọn òun gun àtẹ̀gùn.”

Màmá mi, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, kúnlẹ̀ fún obìnrin náà. Obìnrin náà fẹ́ kúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ kọ̀, ló bá tẹ̀ síwájú, ó gbá orí Màmá mọ́ra. Èmi ni mo wá bú sẹ́kún.

Gbadé ní a lè gba ìwé, ká gbé àpótí náà lọ sílé. Mo ti ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ Màmá kọ̀. “Bí a bá gbé e dé Ògbómọ̀ṣọ́, wọn ò ní jẹ́ kí n mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Níbí, mo mọ̀.”

Lọ́jọ́ kẹta a padà. A ti kúrò ní pápákọ̀ òfuurufú Atlanta, a wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ 285, nígbà tí Màmá ṣàdédé rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Táyọ̀ wọ bàtà bàbá rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tó wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, bàtà kan já bọ́ sínú gọ́tà, ó sì fi ìkejì jó wọlé. Mi ò gbọ́ ìtàn yẹn rí. Láti ọdún mẹ́fà, kò sẹ́ni nínú wa tó pe orúkọ Táyọ̀ níwájú Màmá. A rò pé à ń kẹ́ wọn ni. Ìrìn àjò yìí ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ńṣe la dá ọ̀fọ̀ náà dá wọn. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn mìíràn. Mo dín eré mọ́tò kù, kí a má tètè délé.