Fèrèsé Yàrá Ìyá Àgbà

Òórùn èéfín ló máa ń jí mi láàárọ̀ ọyẹ́ nílé wa ní Ìsẹ́yìn. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, máa ń kó ẹyin iná sínú àpáàdì sẹ́bàá ẹní wa. Ooru rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ kò ríbi gbà jáde, torí yàrá náà kò ní fèrèsé. Bàbá àgbà ló mọ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ títì ló wà, kò sì fẹ́ kí ẹni tó ń kọjá máa rí ìyàwó òun.

Ọdún tí mo wọ sẹ́kọ́ńdìrì ni ikọ́ mú Ìyá Àgbà. Ó le débi pé bàbá mi á fi aṣọ òkè tó ń hun sílẹ̀, á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n lu fèrèsé sára ògiri yìí."

"Ṣé ìrun ni kí n máa kí níbí ni, àbí kí n máa ṣeré fún àwọn ọlọ́kadà wò?"

Bàbá mi ní tí kò bá gbà, òun á gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ní Òtu, níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Àyà mi já. Ẹ̀yìn Ìyá Àgbà ni mo ń sùn sí láti ìgbà tí wọ́n ti já mi lẹ́nu ọmú. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dá sùn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni tíṣà tó ń kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì sọ ibi tí wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ "wíńdò", ìyẹn fèrèsé. Ó ní àwọn kan tó gba orí òkun wá sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́ ló ni ọ̀rọ̀ náà, pé atẹ́gùn àti ojú ni wọ́n so pọ̀: ojú atẹ́gùn. Kò sí gíláàsì nígbà náà. Ihò lásán ni, tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, tí èéfín ń gbà jáde. Àwọn yòókù ń kọ ọ́ sílẹ̀, ọkàn tèmi ti délé.

Mi ò tiẹ̀ bọ́ yunifọ́ọ̀mù tí mo fi ro gbogbo rẹ̀ fún Ìyá Àgbà, níbi tó ti ń ran òwú.

"Àwọn òyìnbó náà ń pè é lójú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ojú atẹ́gùn ni, Ìyá Àgbà, kì í ṣe ti ọlọ́kadà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. "Lọ́yà ni ẹ́, Àṣàkẹ́. Ta ló bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀, bàbá ẹ?"

Mo fẹ́ ní rárá, ẹkún ló bọ́ síta. "Ẹ má lọ Òtu."

Ó gbé òwú sílẹ̀, ó fi etí ìró rẹ̀ nu imú mi. Lẹ́yìn ìrun alásàrí, ó pe bàbá mi. "Lu ú. Ṣùgbọ́n sókè ni o, kó ga ju orí ẹni tó bá wà lórí ọ̀kadà lọ."

Kò lọ Òtu mọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń sọ fáwọn ẹgbẹ́ mi pé Gẹ̀ẹ́sì tí mo gbọ́ ló lu ògiri yẹn. Èmi náà ti wá bímọ. Lánàá, bí mo ṣe fẹ́ jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ọmọ mi obìnrin di ìró mi mú. Ó ń ro ẹjọ́: òjò fẹ́ rọ̀, oorun ń kun òun, bàtà mi ò dáa. Mi ò fetí sí ìkankan níbẹ̀. "Ẹ má lọ" tí ọwọ́ rẹ̀ ń sọ lára ìró mi ni mo gbọ́. Mo jókòó.