Ògiri Amọ̀ Ìyá Mi

Bíríkìlà ni mí. Ní gbogbo Ìgàndó, n kò tíì rí ẹni tó mọ ògiri í rẹ́ tó mi, n kì í sì í fi bò. Ìdí nìyí tí ilé amọ̀ tí ìyá mi ń gbé fi máa ń tì mí lójú. Bàbá mi ló mọ ọ́n, ìpele kan gbọ́dọ̀ gbẹ kó tó gbé òmíràn lé e. Nígbà tí mo rí iṣẹ́ ńlá kan gbà, mo ra sìmẹ́ǹtì, mo fi rẹ́ gbogbo ara ilé náà.

Ìyá mi fọwọ́ pa á, ó ní, "Amọ̀ ò kí ń wọ irú aṣọ yìí o. Ooru á mú un." Mo rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí òjò ọdún kejì dé, ògiri ti ń wú, omi há sábẹ́ sìmẹ́ǹtì. Àwa ọmọ pinnu pé a máa wó ilé náà, kí ìyá wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Ó ní ká kúkú wó o lé òun lórí. A ní bí mo bá ti ìlú òyìnbó tí mo fẹ́ lọ dé, a ó wó o.

Ọmọbìnrin mi ló bímọ níbẹ̀ tó ní kí n wá wo ọmọ. Abúlé ni wọ́n wà, nínú ilé tó ti wà kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi. Koríko tó nípọn ni wọ́n fi bo òrùlé rẹ̀. Fèrèsé jìn sínú ògiri débi pé ojú fèrèsé ni ọmọ mi ti ń jókòó fọ́mọ lọ́mú. Ẹnu ọ̀nà kúrú, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo forí gbá a lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo kan ògiri, ó dún gbì. Amọ̀ ni, tí wọ́n po mọ́ koríko!

Ìyá arúgbó tó nilé sọ fún wa pé ẹnìkan ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ rí. Igun kan fẹ́rẹ̀ẹ́ wó kí wọ́n tó ṣí i kúrò, kí wọ́n sì fi amọ̀ rẹ́ ẹ padà. Ojú ẹsẹ̀ ni mo pe àwọn àbúrò mi pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ilé ìyá.

Mo padà dé, mo gbé òòlù, èmi fúnra mi ṣí gbogbo sìmẹ́ǹtì náà. Ògiri gbẹ, kò wó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá òyìnbó yẹn títí dòní. Mo ròyìn rẹ̀ fún ìyá mi. Ó gbọ́ ọ dópin.

"Mo sọ ọ́, o rẹ́rìn-ín. Òyìnbó sọ ọ́, o gbọ́."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú àfọ́kù sìmẹ́ǹtì.