Ẹni Tí Yóò Gbé E Sọ̀ Kalẹ̀

Onílẹ̀kùn ni gbogbo àdúgbò ń pe káfíńtà yìí, nítorí kò sí iṣẹ́ tó fẹ́ràn bíi kó gbé ilẹ̀kùn kọ́. Yóò ṣí i, yóò tì í, yóò fi etí sí i. Bí ó bá ha férémù díẹ̀ báyìí, yóò tú u, yóò fi ìfági fá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò sì tún un kọ́. Ìyàwó rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń gbọ́ ti ilẹ̀kùn ju ti òun lọ. Ìsàlẹ̀ ilé ni ìsọ̀ rẹ̀ wà, òkè ni tọkọtaya náà ń gbé, àtẹ̀gùn tóóró kan tó ní ìgun láàárín ló sì dé ẹnu ọ̀nà wọn.

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú ìyàwó yìí, apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì mú bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ rẹ̀ a gbé e mọ́ àyà, a gbé e sọ̀ kalẹ̀ wá sí orí bẹ́ǹṣì iwájú ìsọ̀. Ibẹ̀ ni yóò ti máa dáhùn ìkíni, tí yóò máa fi àwọn oníbàárà tó pẹ́ wá gba ẹrù wọn ṣẹ̀sín. Ohun tó kù fún un láyé nìyẹn, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Orúnkún ọ̀tún ọkọ ló ba nǹkan jẹ́. Ó ti ń dùn ún tipẹ́. Ẹsẹ̀ náà tẹ̀ síta débi pé ìyàwó rẹ̀ ní ajá lè gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá kó má fara kàn án. Ní ọjọ́ kan, ní ìgun àtẹ̀gùn gan-an, orúnkún náà yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ó tètè fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó sì jókòó gbì, ìyàwó rẹ̀ lórí itan rẹ̀. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, obìnrin yìí kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Àwọn ará ilé ní àwọn á máa gbé e, ó kọ̀.

“Ẹ jẹ́ kí n dúró de bàbá ọmọ mi,” ó ní. “Èmi kì í ṣe àpò símẹ́ńtì tí gbogbo ọkùnrin á máa gbé káàkiri.”

Bẹ́ẹ̀ ni Onílẹ̀kùn ṣe lọ bá dókítà eegun. Obìnrin jẹ́jẹ́ kan ni dókítà náà. Ó ní òun yóò gé ojú eegun tó ti jẹ kúrò, òun yóò fi irin àti ike dípò rẹ̀. Ó tún ṣàlàyé ìgbànú kan tí wọ́n máa ń so mọ́ itan, tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí títí yóò fi fún itan pinpin, kí ẹ̀jẹ̀ má baà bo ojú iṣẹ́. Iṣẹ́ máa ń yá pẹ̀lú rẹ̀, àmọ́ itan a máa dun ẹlòmíràn lẹ́yìn náà, kì í sì í tètè lágbára. Onílẹ̀kùn bẹ̀ ẹ́ pé kó má so ó mọ́ òun.

“Bàbá, ọjọ́ díẹ̀ péré ni ìyàtọ̀ rẹ̀,” ni dókítà wí.

“Ọjọ́ díẹ̀ yẹn gan-an ni mo ń wá, Dókítà. Ẹnì kan ń dúró dè mí lókè.”

Wọ́n fẹnu kò sí i pé ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ fi símẹ́ńtì lẹ irin mọ́ eegun nìkan ni wọn yóò so ó. Dókítà kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ gbé ẹnikẹ́ni títí oṣù mélòó kan yóò fi kọjá. Ó gbà, lẹ́nu.

Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n gún un, nítorí náà ojú rẹ̀ là sílẹ̀ lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n ta. Ó ń gbọ́ ayùn, ó ń gbọ́ òòlù. Ó béèrè irú igi tí wọ́n ń gé, ó ní kó má ṣáà ha férémù, nọ́ọ̀sì sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má pa dókítà lẹ́rìn-ín. Nítorí pé ẹsẹ̀ náà ti tẹ̀ síta tipẹ́, iṣan ẹ̀gbẹ́ inú ti sún kì, ti ẹ̀gbẹ́ òde sì ti dẹ̀. Dókítà ń dẹ ti inú díẹ̀díẹ̀, ó ń na ẹsẹ̀, ó ń ká a, títí àlàfo méjèèjì fi dọ́gba, yálà ẹsẹ̀ nà tàbí ó ká. Lẹ́yìn símẹ́ńtì, ó ní kí wọ́n tú ìgbànú ná kí òun tó wò ó ní ìgbẹ̀yìn, nítorí ìgbànú a máa di iṣan itan mú, ọmọ orúnkún, eegun kékeré iwájú rẹ̀, sì lè tan ènìyàn jẹ. Wọ́n tú u. Ọmọ orúnkún náà yọ̀ lọ, ó yọ̀ bọ̀ lójú ọ̀nà rẹ̀.

“Bàbá, kò ha férémù,” ni dókítà wí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, rọpárọsẹ̀ náà tún kọlu ìyàwó rẹ̀ lókè ilé. Ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, tó jẹ́ tíṣà, ló wà pẹ̀lú rẹ̀. Kí mọ́tò tó dé, ìyá náà ti dákẹ́.

Àbúrò Onílẹ̀kùn ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un títí yóò fi délé, kí ìbànújẹ́ má baà pa á lórí bẹ́ẹ̀dì. Dókítà kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹbí ti pinnu. Ìgbàkígbà tí ọmọ náà bá wá, bàbá rẹ̀ a béèrè èébú wo ni ìyá rẹ̀ fi rán an. Ọmọ tí kò mọ àwàdà ṣe láti kékeré wá di ẹni tó ń hùmọ̀ èébú ìyá rẹ̀.

“Wọ́n ní ṣé ajá ṣì lè kọjá?”

Onílẹ̀kùn rẹ́rìn-ín títí ó fi di irin bẹ́ẹ̀dì mú. “Sọ fún un pé ajá ti há.”

Ọmọ náà lọ sunkún ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ara ọkùnrin náà yá kíákíá. Nígbà tí arábìnrin tó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní ìrìn mú un dé ibi àtẹ̀gùn, Onílẹ̀kùn gbé ìrọ̀rí kan mọ́ àyà. Arábìnrin náà bi í pé kí ni ìyẹn.

“Ìyàwó mi ni. Àmọ́ èyí kò lẹ́nu.”

Gbogbo wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín, àyàfi nọ́ọ̀sì kan tó ti gbọ́ ìròyìn ikú náà, tó kọjú sí ògiri.

Lọ́jọ́ tó padà sílé, àbúrò rẹ̀ fẹ́ kó kọ́kọ́ jókòó ní ìsọ̀. Ó kọ̀. Ó fi ọ̀pá tẹlẹ̀, ó gun òkè, ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Ó kọjá ìgun náà láìdúró, ó sì ké sókè pé kí ẹlẹ́nu múra sílẹ̀. Nínú yàrá, wọ́n ti ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì ti gbé tìmùtìmù ti ògiri.

Ó fi ọ̀pá kan tìmùtìmù náà.

“Ta ló gbé e sọ̀ kalẹ̀?”

“Àwọn ará ilé ni, bàbá.”

“Ní ìgun yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n rọra?”

“Wọ́n rọra.”

Ó mi orí. “Ọ̀rọ̀ ajá yẹn ńkọ́?”

“Èmi ni. Ẹ má bínú.”

“Ó jọ ọ̀rọ̀ rẹ̀,” ni bàbá náà wí.

Ó jáde, ó sì jókòó sórí àtẹ̀gùn òkè pátápátá. Orúnkún tuntun náà ká wọ́ọ́rọ́, kò tilẹ̀ dùn ún.