Afínjú Inú Ẹrẹ̀

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ bí obìnrin yìí ṣe mọ́ tó, kí ó lọ wo ẹ̀yìn ìkòkò rẹ̀. Ṣe ló ń dán. Ibi tí àwa yòókù ń fojú fò, ibẹ̀ gan-an ni tirẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọkọ rẹ̀, káfíńtà tó ń kan àga àti bẹ́ẹ̀dì ní ìsàlẹ̀ ilé wọn, fi sọ ọ́ ní Afínjú, tí gbogbo àdúgbò sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama nípa ewéko àti ẹranko, àfi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó délé tó ní òun fẹ́ padà sí yunifásítì lọ gba oyè kejì. Ọkọ rẹ̀ béèrè pé lórí kí ni. Ó ní lórí ẹrẹ̀.

"Ẹrẹ̀ kẹ̀? Ìwọ?" Káfíńtà rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sórí pákó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. "Ìwọ tí o ò jẹ́ kí n wọ bàtà wọ pálọ̀!"

Ẹ má bá a rẹ́rìn-ín o. Ẹrẹ̀ tí à ń wí yìí kì í ṣe ẹrẹ̀ ojú títì. Ẹnu odò ni, níbi tí odò ti ń pàdé òkun. Nígbà kan, igbó ẹ̀gbà ló kún ibẹ̀, igi tó máa ń fi gbòǹgbò gígùn dúró nínú omi iyọ̀ bí ẹni tó ká ṣòkòtò sókè, tí ẹja ń bímọ sí abẹ́ rẹ̀. Àwọn kan wá mọ odi erùpẹ̀ dí ojú omi, wọ́n ní àwọn fẹ́ sin ẹja. Ẹja kú, igi kú, àwọn náà kó ẹrù wọn, ó di gbéré. Ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ kò ní nǹkan kan ju òórùn lọ. Iṣẹ́ Afínjú ni láti wádìí bí igbó náà ṣe lè padà.

Ọjọ́ tí wọ́n fi katakata la ojú odi náà kí omi lè wọlé padà, ó wà níbẹ̀. Omi òkun máa ń kún wọlé, á sì tún fà padà. Ta ni kò mọ̀? Òun fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù fún àwọn ọmọ láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí omi náà wọlé sórí ilẹ̀ tí kò fojú kàn mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, tó rọra ń yọ́ bọ̀, tó ń wọ inú ihò kọ̀ọ̀kan, tí ilẹ̀ gbígbẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í hó ṣìn-ìn, tó ń mí, àní tó ń mí, orí Afínjú wú. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Kò mọ ohun tó yẹ kí ènìyàn sọ nírú ibẹ̀, ló bá kí omi káàbọ̀.

Ó pín ilẹ̀ náà sí abala mẹ́ta. Ó gbin ọmọ ẹ̀gbà sí méjì. Ẹ̀kẹta, kò gbọ́dọ̀ gbin nǹkan kan sí i, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, kí wọ́n lè fi wé èyí tí ènìyàn tọ́jú. Bí ìwádìí ṣe ń rí nìyẹn. Àwọn tó gbìn, ó tò wọ́n gbọọrọ bí ọmọ iléèwé tó wà lórí ìlà. Ọ̀sẹ̀ kì í lọ kó má wọ bàtà òjò rẹ̀ lọ síbẹ̀. Koríko yọrí, ó ti fà á tu. Omi gbé ewé jíjẹrà àti ẹ̀ká gbígbẹ wá, ó ti ṣà á dànù. Abala méjèèjì mọ́ tónítóní, àfi bíi kéèyàn tẹ́ ẹní síbẹ̀ kó sùn. Ẹ̀kẹta ní tirẹ̀ di jágbajàgba, koríko bò ó wúruwùru, ìdọ̀tí há sí i lára. Ojú ń ti Afínjú láti wo ọ̀hún. Tó bá dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á gbójú sá, á kọ sínú ìwé pé òun ò gbin nǹkan kan síbẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ.

Ìgbà tó yá, àwọn ọmọ igi rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ìgbì ń fà wọ́n tu, èyí tí kò tu gbẹ. Ó tún gbìn, wọ́n tún kú. Ó túbọ̀ ń tún ibẹ̀ ṣe. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí iṣẹ́ rẹ̀, obìnrin bíi tirẹ̀ ni, ó sì kéré sí i lọ́jọ́ orí. Afínjú ń bọ̀wọ̀ fún ipò, Ọ̀jọ̀gbọ́n ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, ni àwọn ọmọ ẹ̀ka wọn bá ń ṣẹ̀fẹ̀ pé tí àwọn méjèèjì bá ti ń kí ara wọn, kéèyàn kúkú lọ jẹun kó padà wá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó pe Afínjú sí ọ́fíìsì, kò sí ẹ̀fẹ̀ níbẹ̀.

"Àǹtí mi, mi ò fẹ́ tàn yín jẹ," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ. "Ẹ̀ka ò lè máa náwó sórí ilẹ̀ tó ti kú. Mò ń bọ̀ wá wò ó ní Ọjọ́bọ̀. Tí mi ò bá rí ohun tó ń hù, ibẹ̀ la máa dá iṣẹ́ yẹn dúró sí."

"Oyè mi ńkọ́, mà?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n ń wo ojú fèrèsé. "Tí ò bá sí iṣẹ́, kò sí oyè. Ẹ má bínú."

Afínjú délé, ó gbé oúnjẹ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Káfíńtà tó máa ń yọ ọ́ lẹ́nu fa àga sún mọ́ ọn, ó ní ṣé wọn ò lè gbà á padà síṣẹ́ tíṣà. Afínjú ní wọ́n ti fi ẹlòmíì sí i. Ọkọ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ó kéré tán," ni Afínjú sọ nígbà tó yá, "kí Ọ̀jọ̀gbọ́n má bá ibẹ̀ ní ìdọ̀tí."

Ẹ gbọ́ o! Ilé ń jó, ó ń wá ìgbálẹ̀.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó mú àdá, ó kọrí sí abala kẹta. Iṣẹ́ ti fẹ́ parí, òfin rẹ̀ náà á parí, kí ló tún kù? Ó bẹ̀rẹ̀, ó di ìdí koríko mú, ó fà á. Kò tu. Ó tún fà á, kò mira. Ló bá fọwọ́ la koríko wò.

Nǹkan tútù kan dúró ṣánṣán láàárín rẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi bírò, ewé méjì lórí, gbòǹgbò rẹ̀ sì ti lọ́ mọ́ ti koríko nínú ẹrẹ̀.

Ẹ̀gbà ni.

"Ta ló gbé ọ débí?" Ó la koríko tó tẹ̀ lé e. Òmíràn. Ó lọ síwájú, òmíràn. Ọ̀tún, òsì, ibi gbogbo tó fọwọ́ là, wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n sá pamọ́ sí abẹ́ koríko bí ọmọ tó sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Àdá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó yé e. Èso ẹ̀gbà ń já bọ́ lára àwọn igi tó kù lókè odò, ó ń léfòó, omi ń gbé e wọlé ní gbogbo ìgbà tó bá kún. Lórí abala mímọ́ tirẹ̀, kò rí ohun tó máa dá a dúró, ó ń yí kọjá. Koríko tó ń fà tu yẹn ló yẹ kó mú èso náà, òun ló yẹ kó gba ìgbì sára fún àwọn ọmọ igi. Gbogbo ìrànwọ́ tí omi ń kó wá fún un, òun ló ń ṣà á dànù! Afínjú jókòó sínú ẹrẹ̀, pẹ̀lú aṣọ tó lọ̀ dáadáa nítorí àlejò, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

Bí Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe bá a nìyẹn. "Àǹtí! Ṣé ẹ ṣubú ni?"

"Ẹ wá wò, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra tẹ ilẹ̀."

Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ bàtà, ó wọlé, ó la koríko. Ó la òmíràn, ó kúnlẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ gbin gbogbo èyí?"

"Rárá o, mà. Èyí tí mo gbìn ti kú. Omi ló gbin èyí."

"Ẹ ò sì ṣe nǹkan kan sí i?"

"Ojú ló ń tì mí láti wò ó."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu Ọ̀jọ̀gbọ́n, àfi bíi pé kì í ṣe òun. Lẹ́yìn náà ló fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ẹrẹ̀ kùn ún lẹ́rẹ̀kẹ́. "Ẹ lọ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Àǹtí mi. Àtèyí tó kú, àtèyí tó yè, àti bí ẹ ṣe ń fa koríko. Mi ò dá iṣẹ́ kankan dúró."

Wọn ò tíì kúrò níbẹ̀ tí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Èso ẹ̀gbà kan bá a wọlé láti ojú odi, ó gba orí abala mímọ́ kọjá, ó ń yí, kò rí ibi dúró. Omi tún ń fà á padà sójú odi. Afínjú ti gbé ẹsẹ̀ kan, ó ti na ọwọ́ láti he é lọ fi sínú koríko. Ló bá dúró. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó sì fi ìkan di èkejì mú.

Ìgbì mìíràn dé, ó gbé èso náà, ó yí i po, ó tì í títí dé etí koríko. Ó há síbẹ̀.

"Ó dúró," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Omi ti dé orúnkún Afínjú, èso mìíràn sì tún ń bọ̀ láti ojú odi.