Níbi Tí Àwọ̀ Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kó ìwé sí àpò, ó tẹ̀lé àkọ́bí rẹ̀ obìnrin lọ sí kíláàsì kan náà. Kì í ṣe àwàdà o. Ọmọ jókòó níwájú, ìyá jókòó lẹ́yìn pátápátá, níbi tí orúnkún rẹ̀ ti lè ráyè lábẹ́ tábìlì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn ọmọ rò pé tíṣà tuntun ni, gbogbo wọn dìde kí i. Nígbà tí wọ́n rí i pé òun náà ń wá ìjókòó, wọ́n rẹ́rìn-ín àríntàkìtì, wọ́n sì sọ ọ́ ní Màmá Kíláàsì.

Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ńlá ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń pa àwọn aṣọ iṣẹ́ abẹ tó ti ṣá láró, kí wọ́n lè padà ní àwọ̀ ewé. Ọdún gorí ọdún ló fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn tí kò rí ojú wọn rí, títí ó fi sú u. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun fẹ́ di nọ́ọ̀sì, kí òun lè mọ ẹni tó ni aṣọ. Ọkọ rẹ̀, káfíńtà tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ní: "Lọ. Ohun tá a bá rí la máa jẹ."

Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kì í gba ẹni tó bá ti lé ní ọdún márùndínlógójì, wọn kì í sì í gba ẹni tí kò yege nínú kẹ́mísírì. Ó ti dá kàwé nílé, ó jókòó ṣe ìdánwò, ó yege nínú gbogbo ìyókù. Kẹ́mísírì nìkan ló gbé e ṣánlẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ wá gbà kó máa wá jókòó fún ẹ̀kọ́ yẹn nìkan. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló tún lè dán an wò. Bó bá kùnà, ọjọ́ orí á tilẹ̀kùn, ilé ìfọṣọ ni yóò sì dàgbà sí.

Níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀kọ́ náà wọ̀ ọ́ lára ju bó ti rò lọ. Tíṣà, ọ̀dọ́kùnrin kúkúrú kan tí ẹfun kì í kúrò nímú rẹ̀, ń ṣàlàyé mólù fún wọn, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n fi ń ka àwọn ohun tíntìntín tí ojú kò lè rí.

"Bíi dọ́sìnnì ni," ó ní. "Iye lásán ni. Iye náà ló kàn pọ̀ kọjá àfẹnusọ."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ní dọ́sìnnì ní dọ́sìnnì ló kúkú ń ka aṣọ ibùsùn. Nígbà tí wọ́n dé orí bí a ṣe ń mú ọ̀tún àti òsì ìṣirò kẹ́mísírì dọ́gba, tí àwọn ọmọ ń họ orí, ó nawọ́.

"Aṣọ tó bá wọlé gbọ́dọ̀ jáde," ó ní. "Ó lè yí àwọ̀, ó lè bọ́ sínú ìdì mìíràn. Tí ẹyọ kan bá dín, ẹnì kan ti ṣì í kà nìyẹn."

Ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ ti ń yí i ká pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ọmọ tirẹ̀ nìkan ló ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa nawọ́ jù. Ojú ń tì mí."

Inú láàbù ni wàhálà wà. Ásíìdì á wà nínú ìgò. Wọ́n á kán oògùn kan tí kò láwọ̀ sí i. Wọ́n á wá máa jẹ́ kí omi básì, tó ń pa agbára ásíìdì, kán sí i láti inú ọ̀pá gíláàsì tó ní tápù nídìí, títí àwọ̀ á fi yọ. Iye omi tó bá kán ni wọ́n fi ń ṣírò. Màmá Kíláàsì á ṣí tápù, ìgò á pọ́n fòò, inú rẹ̀ á dùn.

"Tíṣà, ẹ wò ó. Ó mu dáadáa."

Tíṣà á gbọn orí. Ó ti kọjá ààlà. Ọ̀sẹ̀ dọ́sẹ̀, bákan náà ni. Ojú rẹ̀ mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni kò gbọ́, torí pé nídìí aró, aṣọ tí kò bá mu dáadáa ìtìjú ni, wọ́n á jù ú padà fún un.

"Màmá, kì í ṣe àwọ̀ là ń wá," ni Tíṣà sọ lọ́jọ́ kan. "Ẹlẹ́rìí ni àwọ̀. Tó bá ti yọjú díẹ̀, tí kò pòórá mọ́, ó ń sọ fún yín pé ásíìdì ti tán. Níbi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ niṣẹ́ parí sí."

"Níbi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ niṣẹ́ tèmi ti ń bẹ̀rẹ̀," obìnrin náà dáhùn, ó sì mí kanlẹ̀.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nígbà tí àwọn ọmọ bá lọ ṣeré, òun á dúró ti tápù pẹ̀lú omi lásán, á máa kọ́ ọwọ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí ẹ̀kán kan péré já bọ́, kí wọ́n sì dúró. Ọwọ́ olóríkunkun ni, ó pẹ́ kó tó gbà.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ó fi bébà funfun sábẹ́ ìgò rẹ̀, ó ń kán an, ó ń mì í. Àwọ̀ yọ, fẹ́ẹ́rẹ́ bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tuntun. Ó gbójú sókè. Gbogbo ìgò tó wà lórí tábìlì náà ló pọ́n bí ata. Ọmọ tí wọ́n ń pè ní Purofẹ́sọ̀, tó máa ń gba ipò kìíní, wo ìgò Màmá Kíláàsì tàánútàánú, ó fi ojú sọ fún un pé kó tún fi kún un.

Ẹ̀rù bà á gan-an. Ta ni òun, tí òun nìkan á fi yàtọ̀? Ọwọ́ rẹ̀ ti dé orí tápù. Ó fà á sẹ́yìn, ó mi ìgò náà, ó dúró. Àwọ̀ náà kò lọ. Ásíìdì ti tán nìyẹn. Ó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, ó tún un ṣe, iye kan náà ló bá. Kò tún bojú wo ìgò ẹnikẹ́ni mọ́.

Níta, ọmọ rẹ̀ sáré bá a. "Màámi, ṣé tiyín pọ́n?"

"Kò pọ́n."

Ọmọ náà bú sẹ́kún.

Nígbà tí èsì jáde, kò sẹ́ni tó tún sunkún mọ́. Màmá Kíláàsì ló gba máàkì tó ga jù nínú kẹ́mísírì ní gbogbo ilé-ìwé náà, ọmọ rẹ̀ sì ń fa ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀ wá síwájú pátákó tí wọ́n lẹ èsì mọ́ pé, "Màámi nìyẹn. Ẹ kà á sókè."

Ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, akọ̀wé wo ọjọ́ ìbí rẹ̀, ó fẹ́ dá ìwé náà padà. Ó tún un kà, ó wo máàkì kẹ́mísírì, ó gbójú sókè wò ó.

"Ìyá, díẹ̀ ló kù kí ọjọ́ orí yín kọjá. Orí yín ló bá yín ṣe é."

"Orí ṣe tiẹ̀," ó dáhùn. "Ọwọ́ mi náà ṣiṣẹ́."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó tẹ òǹtẹ̀ sí i, ó sì fi yàrá tí wọ́n ti ń wọn yúnífọ́ọ̀mù hàn án.