Yìnyín Tí Mo Fi Ṣi Bàbá Mi Lọ́nà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bá mi fi iṣẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, kí n sọ ohun tí ẹnu ara mi kó bá mi. Ìkánjú ni mo fi ń tẹ èyí. Bí lẹ́tà kan bá fò, ẹ má bínú.

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Bàbá mi wà ní Ìrẹsà, lápá Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ń dáko àgbàdo. Èmi nìkan lọmọ wọn tó kàwé jáde ní girama, nítorí náà, tí mo bá ti sọ̀rọ̀, ó parí nìyẹn! Wọn á ní, "Rafatu ti wí." Ẹ ò rí wàhálà?

Ṣáájú kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, ẹnì kan fi fídíò kan ránṣẹ́ sórí Wásáàpù àwa aránṣọ. Wọ́n ní ooru ti ń mú jù lókè ayé pátápátá àti nísàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá, pé yìnyín tó wà níbẹ̀, tó tóbi ju odindi ìlú lọ, ti ń yọ́, pé ó sì ń da ojú ọjọ́ rú káàkiri. Mi ò wò ó dé òpin. Dátà mi ti fẹ́ẹ̀ tán.

Èmi alágbàsọ, mo ti pe Bàbá!

Ẹ wò ó, yìnyín tí àwa mọ̀, inú òjò ló ti ń já bọ́. Òjò tó bá ní yìnyín, òjò ńlá ni. Ta ni kò ṣa á jẹ rí nígbà tó wà lọ́mọdé? Mo wá sọ fún Bàbá pé yìnyín òkè ti ń yọ́, omi rẹpẹtẹ ló ń bọ̀. Wọ́n bi mí pé ṣé òkè ọ̀run? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, òkè náà ni! Òkè tí fídíò ń wí àti òkè tí Bàbá ń wí, mo pa méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan.

Bàbá kì í gbin nǹkan sí òjò àkọ́rọ̀. Ẹlẹ́tàn ni wọ́n máa ń pè é. Wọ́n máa ń dúró de ẹlẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n á sì tún fi ìdajì irúgbìn sílẹ̀ lórí àjà, níbi tí èéfín ti ń lé kòkòrò. Àgbàdo funfun tí ìyá wọn fi sílẹ̀ fún wọn ni, ẹ ò lè rí irú rẹ̀ rà lọ́jà. Lọ́dún yìí, òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n sì gbin gbogbo rẹ̀, nítorí Rafatu ti wí.

Òjò ò padà wá mọ́.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ìkejì kọjá, ìkẹta wọlé. Gbogbo ìgbà ni mò ń jáde ní ṣọ́ọ̀bù wo ojú ọ̀run. Oníbàárà mi kan ní ṣé mò ń retí ọkọ̀ òfúrufú ni! Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo pe Bàbá, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Tí Bàbá mi bá ní kò sí nǹkan kan, nǹkan ti wà nìyẹn.

Mo wọkọ̀ dé Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìrẹsà. Mo bá wọn lórí ìkúnlẹ̀ nínú oko. Mo kọ́kọ́ rò pé ìrun ni wọ́n ń kí. Àṣé irúgbìn ni wọ́n ń fi ìka hú jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wò ó bóyá ó ṣì wà láàyè. Àwọn kan ti jẹrà. Àwọn mìíràn ti yọ ẹnu díẹ̀, wọ́n sì ti gbẹ. Mo kí wọn, wọ́n kàn bi mí pé ṣé mo ti jẹun. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi fi kẹ́ẹ̀gì pọn omi láti odò tóun náà ti ń gbẹ. Poro mélòó la fẹ́ bomi rin? Ilẹ̀ ń fà á mu bí ẹni pé a ò da nǹkan kan.

Ibẹ̀ ni Tísà Ọlágòkè bá wa. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, oko wọn sì bá tiwa pààlà. Mo jẹ́wọ́ ohun tí mo sọ fún Bàbá. Wọn ò bú mi, ìyẹn gan-an ló dùn mí. Wọ́n ní yìnyín yẹn ò sí lójú ọ̀run rárá, orí ilẹ̀ àti orí òkun ló wà, ní ìkángun ayé. Bó bá yọ́, inú òkun ló ń lọ, kò níí wá di òjò sí Ìrẹsà. Wọ́n ní òtútù ibẹ̀ àti ooru ọ̀dọ̀ wa ló jọ ń darí atẹ́gùn àti omi òkun, atẹ́gùn orí òkun ló sì ń gbé òjò wá bá wa. Bí òtútù ibẹ̀ bá ń dín kù, atẹ́gùn lè ṣìnà. Ibì kan á gbẹ, omi á gba ibòmíràn.

Wọ́n tún ní àwọn onímọ̀ ṣì ń wádìí bó ṣe kan apá ọ̀dọ̀ wa, pé kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ló fa ọ̀dá tọdún yìí. "Ṣùgbọ́n Rafatu, ìkìlọ̀ lohun tí o gbọ́. O wá sọ ọ́ di ìròyìn ayọ̀!"

Ẹyin lọ̀rọ̀ lóòótọ́. Bàbá gbọn eruku ọwọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Tísà, èmi ni mo mọ ìwà òjò àkọ́rọ̀. Ẹ má dá ọmọ mi lẹ́bi." Ojú ò tì mí tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

A hú oko náà títí. Èyí tó ṣì le koko, tí kò tíì hù, kò ju abọ́ kékeré kan lọ. Abọ́ kan ṣoṣo ló kù nínú irúgbìn ìyá wọn.

Òjò rọ̀ ní Ìrẹsà lánàá. Bàbá pè mí: "Rafatu, ilẹ̀ ti tutù dáadáa. Ṣé kí n gbìn ín, àbí kí n dúró?" Bàbá mi, tó ti ń dáko kí wọ́n tó bí mi, ló ń bi èmi aránṣọ! Wọn ò gbẹ́kẹ̀ lé ojú ara wọn mọ́. Mo pe Tísà, wọ́n ní òjò ayé ìsinsìnyí, àwọn náà ò lè sọ. Ta ni kí n tún bi?

Ẹ̀kọ́ tèmi rèé: ẹ má fi àbọ̀ ìròyìn ránṣẹ́ sí àgbẹ̀. Ẹ má sì rò pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìkángun ayé ò kàn yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbẹ̀ nílé, báwo ni òjò ṣe ṣe yín lọ́dún yìí? Kí lẹ sọ fún àwọn ẹni yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Bàbá ti gbé abọ́ náà ka iwájú, ìpè mi ni wọ́n ń dúró dè.